Ẹ̀fọ́ Mísìsì Ẹ̀yìnkùlé Ìbídùn

Ìbídùn ò bẹ̀rù àjẹ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí ẹnìkan má lọ ya ẹnu pe òun gan-an lájẹ̀ẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Obìnrin tó bá bímọ méje, tí ẹyọ kan ṣoṣo ṣẹ́ kù fún un, tí ọkọ rẹ̀ náà sì ti kú, ó ní bí irú wọn ṣe ń ṣọ́ra rìn ní Ìlá nígbà náà. Bó bá gbé ọmọ ọlọ́mọ jó, wọ́n á ní kí ló ń wá lára rẹ̀. Bí kò bá gbé e, wọ́n á ní ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun ló ṣe sá fún un. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ Ìbídùn ní èyí. Ó kàn mọ̀ ọ́n ni.

Nígbà tó ṣì wà ní ìyàwó tuntun, ó fojú ara rẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe lé ìyá arúgbó kan jáde nínú agbo ilé tó wà níwájú tiwọn. Wọn ò lù ú. Ẹrù rẹ̀ ni wọ́n kó síta, wọ́n gbé e rù ú, àwọn ọmọdé sì ń lu agolo tẹ̀ lé e títí ó fi gba ọ̀nà oko lọ. Ìyá náà ò wẹ̀yìn. Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà, ìró agolo yẹn sì wọ etí rẹ̀ lọ, kò jáde mọ́. Títí ó fi di ìyá ọkọ fún ẹlòmíràn, bí agolo bá já bọ́ nílé ìdáná lásán, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n kó tó béèrè ẹni tó jù ú.

Orí ẹ̀fọ́ wá ni ẹ̀rù yìí ti ká a mọ́. Ẹ̀fọ́ lásán-làsàn, ẹ gbà mí!

Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le dáadáa, ó máa ń fọṣọ fún obìnrin òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní sáyẹ́ǹsì. Mísìsì ni gbogbo ayé ń pè é. Mísìsì yìí ní ẹ̀fọ́ kan tó gbìn sẹ́yìn ilé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí irú rẹ̀ rí. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán, ó sì rún wómúwómú bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Igi rẹ̀ nípọn, òmíràn funfun, òmíràn pupa fòò. Lójú, ó fẹ́ jọ amúnútutù, àmọ́ kì í yọ̀ lọ́bẹ̀. Bí Mísìsì ṣe ń jẹ ẹ́ ló máa ń pa Ìbídùn lẹ́rìn-ín jù. Á bọ̀ ọ́ ní ìbọ̀ ojú ayé, á da bọ́tà lé e lórí, á gé àlùbọ́sà sí i, ó parí nìyẹn. Kò sí ata, kò sí irú, kò sí epo. Ìbídùn máa ń dé ilé sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Bí ewúrẹ́ bá ní abọ́ tiẹ̀, bí Mísìsì ṣe ń jẹun ni yóò máa jẹun."

Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba, tí ìlú le, tí àwọn olùkọ́ òkèèrè ń kẹ́rù wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Mísìsì náà lọ. Ó fi agolo mílíìkì kan tí èso ẹ̀fọ́ náà wà nínú rẹ̀ lé Ìbídùn lọ́wọ́. Èso rẹ̀ rí págunpàgun bí ẹ̀gún tó gbẹ. Ìbídùn rẹ ẹ́ sómi kó lè rọ̀, ó wá gbìn ín sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde tí ilẹ̀ ò ti í gbẹ. Ó da eérú ìdí àdògán sí i, ó da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Nígbà tó hù, ó fà á, ó tún un tò ní ẹsẹẹsẹ kó má baà dí ara rẹ̀ lọ́nà, ó sì fi ọ̀pá sọgbà yí i ká nítorí àwọn ewúrẹ́ ilé náà, olè ni wọ́n látọjọ́. Kì í hú u bí ẹni ń hú tẹ̀tẹ̀. Ewé ẹ̀gbẹ́ ló ń já, á fi ọ̀mùnú àárín sílẹ̀ kó máa rú. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ṣọkọ ń rọ, tí tẹ̀tẹ̀ ń gbó kó tó dàgbà, ẹ̀fọ́ Mísìsì á máa dán lẹ́yìn balùwẹ̀ bí ẹni pé òun ni wọ́n dá ọyẹ́ fún. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, àmọ́ lẹ́yìnkùlé Ìbídùn, ó fẹ́ẹ̀ tẹ́.

Àlèébù kan ṣoṣo ló ní: kò mọ̀ ọ́n so. Kò tanná, kò gbó, kò mú èso kankan jáde nílẹ̀ wa. Inú agolo yẹn náà ni Ìbídùn ń bù lọ́dọọdún, ọdún tí mò ń sọ yìí ló sì gbọn ìsàlẹ̀ agolo sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti jíjẹ rẹ̀ kí ẹ̀rù tó gba ẹnu wa. Igi rẹ̀ le ju ewé lọ, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ìkòkò. Ìbídùn á gé igi náà wẹ́wẹ́, á sè é mọ́ ẹ̀wà, á rọ̀ mìnìjọ̀. Ewé, á bọ̀ ọ́, á fún un, á dà á sínú ata tó ti dín pẹ̀lú irú àti epo, á fi ẹ̀gúsí bíńtín lé e, kí wọ́n wá gbé iyán sún mọ́ ọn. Èyí tó wá gbọ́n jù, ó ń fi ewé ńlá ńlá rẹ̀ pọ́n ọ̀lẹ̀. Ọ̀lẹ̀ tí èèyàn ń jẹ tòun tewé! Àwọn ará ilé á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní ẹ̀fọ́ àjèjì ò yẹ ní jíjẹ, wọ́n á sì tún na abọ́ wá.

Jímọ̀ lorúkọ ọmọ tó ṣẹ́ kù fún un. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, obì ló ń kó lọ sí Kánò, bó bá sì lọ, ó di ọjọ́ tí wọ́n bá rí i. Ọládùnní, ọmọ Ọ̀rà, ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, òun àti Ìbídùn sì mọwọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára nílé náà. Nígbà tí èkejì wálẹ̀, Àbẹ̀ní, ìyàwó àbúrò ọkọ Ìbídùn, tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà, jókòó sídìí ààrò, ó ń fẹ́ iná, ó ní, "Ilé yìí ò kúkú gba ọmọ dúró." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìbídùn gbé ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ tó ń jẹ.

Oyún kẹta dé, ó kọjá oṣù tí àwọn tàkọ́kọ́ fi bàjẹ́, ó ń lọ. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìgbẹ̀bí wo ìpéǹpéjú Ọládùnní, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, kó máa jẹ ẹ̀fọ́. Ìbídùn gbọ́, ó dé ilé, ó ronú. Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sè fún ẹni tẹ́jẹ̀ rẹ̀ kéré? Pòròpórò ọkà bàbà ni. Wọ́n á sè é, omi rẹ̀ á pọ́n dẹ̀dẹ̀, onítọ̀hún á mu ún. Ohun tó bá pọ́n ló ń fúnni ní ẹ̀jẹ̀, bí ìyá wa ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn, tí ìyá tiwọn náà sọ fún wọn. Pòròpórò ò wá sí nítòsí lásìkò náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lẹ́yìn balùwẹ̀ tó pọ́n ju pòròpórò lọ.

Ìbídùn já àwọn onígi pupa, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sè é, ó sẹ́ ẹ, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó pa òórùn ilẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Ife kékeré ló kọ́kọ́ ń bù fún Ọládùnní. Òun fúnra rẹ̀ ò tọ́ ọ wò. Ta ni yóò máa da ohun tó yẹ kó di ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ́nà ọ̀fun arúgbó? Ara Ọládùnní bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ojú rẹ̀ ń dán. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹ̀fọ́ náà ti ta yọ, igi pupa pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, Ìbídùn sì sè é títí omi rẹ̀ fi ki. Ọládùnní mu abọ́ kan gbáko, ó tún fi igi rẹ̀ jẹ ẹ̀wà. Ìyókù omi náà wà nínú ìkòkò, Ìbídùn dé e.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọládùnní pè é láti inú yàrá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Ohùn náà kéré jù. Ìbídùn ti mọ̀ kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọmọ náà dúró, ó di ògiri mú, ó ń wo inú póò tó wà nílẹ̀. Ìtọ̀ inú rẹ̀ pupa. Kì í ṣe pé ó pọ́n díẹ̀ o, pupa ni.

"Ó ti dé, Ìyá," ni Ọládùnní wí. "Ó tún ti dé."

Ọmọ inú yẹn ló kọ́kọ́ wá sí Ìbídùn lọ́kàn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni ìró agolo. Ó gbọ́ ọ kedere, bí ẹni pé wọ́n ń lù ú bọ̀ láti ìta.

Wọ́n rọra rìn lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, Ọládùnní fara ti ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ ò rí ẹni fara tì. Nọ́ọ̀sì tẹ ikùn rẹ̀, ó gbé nǹkan sétí, ó fi gbọ́ ọmọ. Ó ní ọmọ wà níbẹ̀. Ó yẹ aṣọ rẹ̀ wò, aṣọ mọ́. "Inú ìtọ̀ nìkan ló wà, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó lọ dùbúlẹ̀, kó má gbé ohun tó wúwo. Lọ́jọ́ Ajé tí dókítà bá wá, ẹ mú un padà wá."

Ọjọ́ Ajé! Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń jóná, wọ́n ní kó wá gba omi lọ́jọ́ Ajé.

Kí wọ́n tó padà délé, Àbẹ̀ní ti rí ẹnìkan tó ń gun alùpùpù lọ sí Ọ̀rà, ó ti fi iṣẹ́ rán an sí ìyá Ọládùnní. Ìbídùn tẹ́ ìyàwó rẹ̀ sórí ibùsùn, ó fi aṣọ bò ó, ó wá lọ dúró lẹ́yìnkùlé lóun nìkan. Ó wo ẹ̀fọ́ rẹ̀. Àwọn igi pupa yẹn dúró ṣánṣán nínú ọyẹ́. Ọkàn rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀: ẹ̀fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní nílùú yìí àfi ìwọ. Ìwọ lo gbìn ín, ìwọ lo sè é, ìwọ lo gbé e sí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu. Kí lo fẹ́ wí?

Ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ronú dáadáa. Ìbídùn bẹ̀rẹ̀, ó sì ń hú ẹ̀fọ́ náà. Ó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, èyí pupa, èyí funfun, ó ń jù ú sórí ààtàn. Gbogbo rẹ̀ ló hú tán, ibi kan ò ṣẹ́ kù. Ìgbà tó nàró ló rí Àbẹ̀ní lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyálé mi, kí lẹ ń hú?"

"Ó… ó ti gbó ni."

"Àná kọ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yìn ín?" Àbẹ̀ní ò dúró gba èsì. Ó yí padà wọlé, gèlè rẹ̀ ń yẹ̀ lórí, ó rí ọ̀rọ̀ sọ.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Àdùkẹ́ dé, ìyá Ọládùnní, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ọ̀rà. Obìnrin gíga ni, olóko kòkó, kò mọ ọ̀rọ̀ í dì. Ó wọ yàrá lọ bá ọmọ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde. Ó kí Ìbídùn bó ṣe yẹ kí àna kí àna, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Ìkíni náà tutù débi pé Ìbídùn ì bá yọ̀ bó bá bú u.

"Àna mi, kí ni ọmọ mi ń jẹ?"

Ìbídùn wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò àná jáde. Ó bu omi inú rẹ̀ sínú abọ́ tánganran funfun kó lè fi hàn án. Bí omi náà ṣe kún abọ́ báyìí, ó rí i. Bó ṣe pọ́n nínú póò láàárọ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe pọ́n nínú abọ́.

"Àna mi! Omi yìí ni! Omi yìí ló mu tó tọ̀ jáde, kì í ṣẹ̀jẹ̀! Ẹ wò ó!"

Ìyá Ọ̀rà wo omi náà, ó wo ojú Ìbídùn. "Ẹ̀yin àna mi, ẹ má fi mí ṣe ọmọdé. Nínú gbogbo oyún tí mo ní ni mo mu omi pòròpórò. Ó pọ́n ju èyí lọ. Ìtọ̀ mi ò pọ́n rí lọ́jọ́ kan. Ta ló ń mu omi tó ń gba abẹ́ jáde bó ṣe gba ẹnu wọlé?"

Ìbídùn náà mu omi pòròpórò láyé rẹ̀. Tiẹ̀ náà ò pọ́n rí.

"Bí kò bá sí nǹkan nínú ẹ̀fọ́ yẹn," ni Àbẹ̀ní wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, "kí ló dé tẹ́ ẹ fi hú u?"

Àwọn obìnrin ilé kejì ti dé, wọ́n dúró bí ẹni wá fọnná, kò sẹ́ni tó mú ògúnná lọ́wọ́. Ẹjọ́ kì í dùn lẹ́nu ìyá olè, Ìbídùn kò sì jalè. Ó gbé abọ́ náà sókè. "Ó dáa. Èmi náà á mu ún. Lójú gbogbo yín. Bó bá pọ́n lára tèmi náà, ẹ̀yin á mọ̀." Ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán, omi ń ṣàn sí i láyà. Ìyókù wà nínú ìkòkò.

Ó wá ku kí wọ́n dúró. Láyé yín, ẹ ti rí ibi tí agbo ilé jókòó tí wọ́n ń dúró de ìtọ̀ arúgbó? Ohun tí Ìlá rí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Wọ́n kírun àìlà, wọ́n dúró. Àbẹ̀ní ló fọ abọ́ funfun náà, tó tún gbé e fún un. "Inú èyí ni kẹ́ ẹ ṣe é sí o, Ìyálé mi, kí gbogbo wa lè rí i." Nígbà tí wọ́n kírun àlàásárì tán, ara ní kó lọ. Ìbídùn wọ balùwẹ̀, ó lóṣòó sórí abọ́, ó pa ojú dé, ó ń pe Ọlọ́run. Ó la ojú.

Ìtọ̀ náà mọ́ gaara bí omi kànga.

Ó wò ó, ó tún wò ó. Ìmọ́lẹ̀ wà, kò sí pé bóyá ojú rẹ̀ ni. Abẹ tí Jímọ̀ fi ń fá irùngbọ̀n wà nínú ihò ògiri. Ìbídùn wo abẹ náà. Ìka ọwọ́ kan péré ni, ẹ̀jẹ̀ á kán díẹ̀ sínú abọ́, ọ̀rọ̀ á parí. Ó tiẹ̀ ti na ọwọ́. Àmọ́ ó rántí pé bí òun bá fi ẹ̀jẹ̀ ara òun parọ́ lórí ọmọ inú, kò ní sí ohun tí wọ́n máa pè òun tí kò ní jẹ́ òótọ́. Ó gbé abọ́ jáde bó ṣe wà.

Àbẹ̀ní bojú wò ó. "Ó mọ́," ló wí, ó sì sún sẹ́yìn.

Gbogbo wọn ló sún sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kígbe, ìyẹn ló burú jù. Lójúde, ọmọdé kan ń fi igi lu agolo, eré lásán ló ń ṣe, ìyá rẹ̀ sì yára lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ Ìbídùn ti gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin mu ún, kò ṣe yín ní nǹkan kan," ni Ìyá Ọ̀rà wí. Ẹ̀rù ń ba òun náà, kò sì mọ ibi tó máa gbé ẹ̀rù náà lé àfi orí Ìbídùn. "Ọmọ mi mu ún, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Kí lẹ fẹ́ kí n pe ìyẹn? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bílẹ̀ bá ti mọ́, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ kọjá, èmi àti ọmọ mi ń lọ sí Ọ̀rà."

Wọ́n ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí Ìbídùn ti ń sá fún látìgbà èwe rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ jáde ní gbangba. Ó ṣe é bí ẹni pé ilẹ̀ ò sí lábẹ́ òun. Ó jókòó sórí àpótí, kò lè sunkún.

Ìgbà yẹn ni Ọládùnní jáde sí wọn, póò wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ wò ó. Ó ti mọ́. Mi ò mu omi yẹn láti àná, ó sì ti mọ́."

"Ó ní láti mọ́," ni Àbẹ̀ní dá a lóhùn. "Ìyá ọkọ rẹ ti hú u. Ọwọ́ tó dì í náà ló tú u."

Ọládùnní wò ó bí ẹni pé kò rí i rí. Ó gbé póò sílẹ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó jáde pẹ̀lú ìkòkò, ó ń bu ìyókù omi pupa náà sínú ife. "Ó dáa, ẹ jẹ́ n tún un mu. Bó bá tún pọ́n, a ó mọ̀ pé omi ni. Ìyá ọkọ mi ò lè pa mí."

Ó ti gbé ife dé ètè. Ìyá Ọ̀rà fò dìde, àgbà obìnrin yẹn fò bí ọmọdébìnrin, ó já ife gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dà á nù. Bóyá ó rò pé bí òun bá dà á nù, ọmọ òun á tún bu òmíràn. Ó gbé e sẹ́nu tìrẹ, ó mu ún, ó gbé ìkòkò náà, ó fi mu èyí tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ ìkòkò mọ́lẹ̀, ó fọ́.

"Bó bá jẹ́ pé ó ń pa èèyàn, kó pa èmi tí mo ti bímọ tán!"

Kí ni kí n sọ nípa bílẹ̀ ọjọ́ náà ṣe mọ́? Ìbídùn ò fojú kan oorun. Bí Ìyá Ọ̀rà bá kú, òun ló pa á. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá mọ́, òun ni àjẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún un, ìyẹn ló sì fi dé orí ẹní ìrun lásùbáà. Ẹ wo àdúrà tí ọmọ èèyàn ń gbà: "Ọlọ́run Ọba, jẹ́ kí àna mi tọ ẹ̀jẹ̀." Ojú ara rẹ̀ tì í, ó sì tún un gbà.

Ìyá Ọ̀rà jáde nínú yàrá, ó ti di ẹrù. Ó mú abọ́ funfun náà, kò wo ẹnikẹ́ni, ó wọ balùwẹ̀. Ìbídùn dúró lẹ́bàá ilẹ̀ tó hú ẹ̀fọ́ rẹ̀. Àbẹ̀ní dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọládùnní fara ti òpó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn.

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ igbe nínú balùwẹ̀. "Yéè! Mo gbé!"

Ìyá Ọ̀rà jáde, abọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, omi inú rẹ̀ pupa fòò.

"Sùbùhánálláhì!" ni Àbẹ̀ní ké. "Ó ti mú Ìyá Ọ̀rà náà!"

Ìyá Ọ̀rà ò gbọ́ ọ. Ó ń wo abọ́, ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó wo ikùn ọmọ rẹ̀. Ó wo ikùn ara rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Pa ẹnu rẹ dé, Àbẹ̀ní. Mi ò lóyún. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Kò sí ibì kankan tó ń dùn mí. Ẹ̀jẹ̀ wo ló fẹ́ jáde lára mi? Omi ẹ̀fọ́ ni." Ó tún wo Ọládùnní. "Ara tí mo fi bí i náà ló ní. Bó ṣe ń ṣe é náà ló ń ṣe mí."

Ọládùnní bú sẹ́kún. Àbẹ̀ní ní òun ń lọ wo iná tóun dá, kò sì dá iná kankan láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìyá Ọ̀rà gbé abọ́ sílẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sọ pé òun ṣì í sọ. Ó rìn kọjá lára Ìbídùn, ó lọ sórí ààtàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀fọ́ tó ti rọ náà, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì tutù, ó kó o sí ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. Ó padà wá, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbẹ́ ihò, ó ń rì wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ ìdí wọn.

"Àna mi," ló wí láìgbójú sókè, "ẹ bá mi bu omi."

Ìbídùn mú igbá, ó bu omi nínú àmù. Ó ń bu ú, omi náà ń dà sílẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ò yé gbọ̀n. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Kì í ṣe ayọ̀. Omi kan náà ni òun àti Ìyá Ọ̀rà mu, nínú ìkòkò kan náà. Ká ní irú ara tòun ni Ìyá Ọ̀rà ní, tí ìtọ̀ tirẹ̀ náà sì mọ́ gaara láàárọ̀ yìí, òun kò ní jẹ̀bi ohunkóhun, ọwọ́ òun ì bá mọ́ bó ṣe mọ́ yìí, síbẹ̀ ẹrù òun ì bá ti wà lórí òun báyìí lójú ọ̀nà oko.